Ohùn Mẹ́tàlélógóje

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Dákẹ́ fi ṣiṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé kò sí ètò kankan tó máa bẹ̀rẹ̀ kó má kọ́kọ́ na ìka kan sókè lẹ́yìn gíláàsì, kó ní, "Ẹ dákẹ́." Ẹni tó fẹ́ wúkọ́ á gbé e mì. Ẹni tí àga rẹ̀ ń dún á dìde dúró. Ìgbà tí yàrá bá wá pa rọ́rọ́, tó jẹ́ pé èémí ara wọn nìkan ni wọ́n ń gbọ́, ìgbà náà ni yóò tẹ bọ́tìnì. Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ohùn kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, á dá ẹ̀rọ dúró, á ní, "Ẹnu méjì kì í wọ etí kan. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ sọ tiẹ̀ nínú yín?"

Ọmọ kan ṣoṣo tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bí, òun ni gbogbo ayé orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá mọ̀ sí Àkúnwọ́sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà ló fúnra rẹ̀ yan orúkọ yẹn, orúkọ sì rò ó. Orin ló ń ṣe, inú kọ̀ǹpútà ló sì ti ń ṣe é. Dùùrù mẹ́ta, gìtá mẹ́fà, ogún ènìyàn tó ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà, ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn, obìnrin tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí fóònù, ọmọdé tó ń ka A B D, òjò, reluwé: gbogbo rẹ̀ ni yóò kó jọ sínú orin ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ̀kan rí, èyí àkọ́kọ́ pàá, ó sì ní ó dà bí ìgbà tí àpótí irinṣẹ́ já bọ́ láti orí àjà. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ kò ti mú orin wá fún un gbọ́ mọ́, òun náà kò sì béèrè.

Àtúnṣe ilé ló kó wọn pọ̀. Wọ́n ń tún ilé tí ọmọ náà ń gbé ṣe, ó sì pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wá lo yàrá ẹ̀yìn yín fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀."

"Kí ló ṣe ilé ẹ?"

"Wọ́n ń wó ògiri. Ariwo ò jẹ́ kí n ṣiṣẹ́."

Bàbá Dákẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ? Ariwo? Mo rò pé wàá kàn fi kún orin ni."

"Mo ti fi kún un," ọmọ dáhùn. "Èyí tí mo fẹ́ nínú ẹ̀ ti tó."

Yàrá tó ń wí yìí, kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àti kúbúsù ni Bàbá Dákẹ́ fi bo ògiri rẹ̀ yíká nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ó ní òun á máa rọra ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti ìlẹ̀kùn náà, àwọn páálí ló sì ń gbé inú rẹ̀. Nítorí ọmọ, ó kó àwọn páálí jáde, ó gbálẹ̀, ó sì nu fèrèsé. Ọmọ dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, sípíkà méjì, àti wáyà tó pọ̀ tó láti so màlúù mọ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Etí rẹ̀ ń lọ. Kò lọ lójijì. Ṣe ló ń yọ́ lọ bí ọṣẹ inú omi. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń ka ìròyìn lóde òní ni kì í la ẹnu dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó rò pé ẹyẹ tó máa ń ké létí fèrèsé rẹ̀ ti kó lọ síbòmíràn. Àfi lọ́jọ́ kan tó rí ẹyẹ náà lórí ẹ̀ka, tó ń la ẹnu, tó ń pa á dé, tí òun kò sì gbọ́ nǹkan kan. Báwo ni apẹja ṣe fẹ́ sọ fáráyé pé omi ti ń ba òun lẹ́rù? Ó yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, ó sì panu mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, bí wọ́n ṣe ń mu tíì, ọmọ náà gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀.

"Bàbá mi, orin yìí ò fẹ́ jókòó."

"Báwo ló ṣe ń ṣe?"

"Ìlà mẹ́tàlélógóje ló wà nínú ẹ̀, ohùn kan lórí ìlà kan. Gbogbo wọn ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá tan gbogbo wọn pọ̀, ṣe ló ń dà bí ọbẹ̀ tó jóná. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ohùn ṣe ń jókòó. Ẹ bá mi wò ó."

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ọmọ náà kò ti béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́. Inú Bàbá Dákẹ́ dùn dé ọkàn, ṣùgbọ́n ó fi búrẹ́dì dí ẹnu kó má baà hàn.

"Mẹ́tàlélógóje," ó ní. "Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni o."

"Púpọ̀ yàtọ̀ sí àṣejù, Bàbá mi. Tí mo bá ṣí fóònù mi láàárọ̀, kí n tó na ara tán, mo ti rí ẹni tó ń ṣègbéyàwó, mo ti rí ẹni tí ilé ẹ̀ jóná, mo ti rí ológbò tó dé fìlà, mo ti rí ìyá tó ń sunkún, ẹnì kan sì ti fẹ́ ta bàtà fún mi. Gbogbo ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí mo bá wá gbé gìtá kan ṣoṣo kalẹ̀, tí mo ní bí ayé ṣe rí nìyí, irọ́ ni mo pa."

"Ìdí nìyẹn gan-an tí èèyàn fi ń wá ibi tó dákẹ́."

"Ẹlòmíì ń ṣe ìyẹn, ó sì dáa. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n sá fún un. Mo fẹ́ kí wọ́n lè dúró nínú ẹ̀ kí orí wọn má fọ́."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé bàbá tán, ṣùgbọ́n kò jiyàn mọ́. Ọmọ fẹ́ lọ bá àwọn tó ń gbé orin rẹ̀ jáde ṣèpàdé lọ́jọ́ kejì, ó sì ní kí bàbá máa wo iṣẹ́ náà kí òun tó dé. "Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín. Mo ti pa ti àkọ́kọ́ mọ́ síbòmíì."

Ilẹ̀ mọ́, ọmọ jáde, Bàbá Dákẹ́ wọ yàrá. Àwọn ìlà náà tò sójú kọ̀ǹpútà bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, wọ́n sì pọ̀ débi pé wọ́n kọjá ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn, kò sí orúkọ. Ó ń tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dijú gbọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá jọ ariwo lásán, á pa á. Èyí tó bá jọ èkejì rẹ̀, á pa ọ̀kan. Àwọn kan wà tí kò gbọ́ nǹkan kan nínú wọn rárá. Ó ní ọmọ ló gbàgbé wọn síbẹ̀, ó pa àwọn náà. Nígbà tó fi di ọ̀sán, mẹ́tàlélógóje ti di mọ́kàndínlógún. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orin náà ń mí bí ẹni tó tú bẹ́líìtì lẹ́yìn oúnjẹ. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọgbọ́n àgbà kò tíì tán nílẹ̀.

Ọmọ dé ní ìrọ̀lẹ́, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Ó jókòó, ó gbọ́ ọ tán.

"Ó mọ́ tónítóní," ó ní. Ohùn rẹ̀ kò fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ hàn. "Ó dùn, Bàbá mi. Mi ò lè purọ́, ó dùn." Ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà lọ sísàlẹ̀. "Ìlà kejìdínláàádọ́ta dà?"

"Èwo nìyẹn?"

"Aláwọ̀ ewé."

"Òfìfo ni. Mo ṣí i, kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

Ọmọ yíjú wò ó. Ó tan ìlà náà nìkan, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Dákẹ́ kò dijú. Ó rí iná kékeré ẹ̀gbẹ́ ìlà náà tó ń fò sókè, tó ń fò sílẹ̀. Yàrá sì dákẹ́ lọ rọ́rọ́ létí rẹ̀.

"Sípíkà ẹ ti bàjẹ́," ó ní.

"Màmá mi ni, Bàbá mi. Wọ́n ń ká aṣọ ní pálọ̀, wọ́n ń súfèé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lábẹ́ eyín. Mo gbà á sórí fóònù, wọn ò mọ̀."

Nǹkan kan ya nínú ọkùnrin náà, ìtìjú sì sáré wọ̀ ọ́ lára bí ìbínú. Ó dìde. "O kó ìyá ẹ sábẹ́ ogóje nǹkan! Ta lo fẹ́ kó gbọ́ ọ níbẹ̀? Kì í ṣe ẹ̀bi etí, ẹ̀bi èrò tó o kó jọ ni!"

"Mo máa ń gbọ́ wọn níbẹ̀," ọmọ ní, kò pariwo. "Gbogbo ìgbà. Ẹ̀yin, wọ́n dá wà báyìí, ẹ ò gbọ́ wọn."

Bàbá jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Ó ń ronú kan iye ìlà tí òun pa pé òfìfo ni wọ́n. Ó rántí márùn-ún. Ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti múra kí ọmọ tó jí. "Mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wo etí," ó ní. Ó parí síbẹ̀.

Obìnrin tó yẹ etí rẹ̀ wò kò tíì pé ogójì ọdún, ara rẹ̀ sì balẹ̀ bí omi àmù. Ó mú un wọ yàrá kékeré kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, ó fi nǹkan bò ó létí, ó gbé bọ́tìnì lé e lọ́wọ́, ó sì bọ́ sẹ́yìn gíláàsì. Bàbá Dákẹ́ wò ó láti inú lọ́hùn-ún. Ọjọ́ kìn-ín-ní rẹ̀ nìyí ní ìhà ọ̀hún gíláàsì.

"Bàbá, ìgbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ ìró, bó ti wù kó kéré tó, ẹ tẹ bọ́tìnì. Ó yá, ẹ dákẹ́ díẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ṣùgbọ́n ó dákẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, obìnrin náà fi ìwé hàn án: ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ lókè, tó wá ń sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn.

"Ohùn tó nípọn, ẹ ṣì ń gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn tó tín-ín-rín ló ti ń já lọ."

"Súfèé ńkọ́?"

Obìnrin náà fi ìka kan ìsàlẹ̀ pátápátá. "Ibí ló wà."

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré méjì sí i létí. Ó rò pé bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí fèrèsé ni yóò rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìgbà tí odi wó lulẹ̀ ló rí. Bébà lórí tábìlì ń ya bí ààrá. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń hó. Ẹnì kan ń rìn nínú kọ́rídọ̀, ẹnì kan ń yí kọ́kọ́rọ́, ẹnì kan ń họra.

"Ta ló ń fa nǹkan ya?" ó béèrè.

"Ṣẹ́ẹ̀tì yín ni, Bàbá. Ẹ mí síta ni."

"Ẹ yọ ọ́! Ariwo yìí ti pọ̀ jù."

Obìnrin náà kò yọ ọ́. "Ariwo ò pọ̀ ju ti àná lọ o. Bó ṣe wà látijọ́ nìyẹn. Yíyàn ni ọpọlọ yín ti gbàgbé. Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan: tí ẹ bá délé, ẹ jókòó síbì kan, kí ẹ máa dárúkọ ohun tí ẹ bá ń gbọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá ti mọ̀ dáadáa, á lọ jókòó sí àyè ẹ̀, kò ní máa lù yín mọ́."

Bó ṣe di pé ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pa ariwo lẹ́nu mọ́ ń jókòó ní ilé ìdáná láràárọ̀ nìyẹn, tó ń kí ariwo lórúkọ. "Fíríìjì. Omi ẹnu ẹ̀rọ. Sílípáàsì ọmọ mi. Ilẹ̀kùn aládùúgbò, kò tíì fi epo sí i. Èmi ni mo ń jẹ búrẹ́dì yìí, ṣé bí mo ṣe ń jẹun nìyí?" Ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kìíní, orí fọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ju àwọn ẹ̀rọ etí náà sínú dúrọ́ọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mú wọn padà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣàdédé ṣàkíyèsí pé ìró fíríìjì ti lọ. Ó tẹ́tí sí i, ó bá a níbẹ̀. Kò lọ síbì kankan. Ó kàn jókòó ni. Bó ṣe di kọ́ọ̀pù tíì mú lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tún wá sí i lọ́kàn, èyí tó ní òun fẹ́ kí èèyàn lè dúró nínú ẹ̀.

Ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

"Ṣí tìẹ fún mi," ó ní. "Gbogbo ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kó o mú wọn wá, kó o sì sọ fún mi ta ni wọ́n."

Ọjọ́ méjì ló gbà wọ́n. Àṣé ọmọ náà ti kọ̀wé sí àwọn tó ń gbọ́ orin rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí oníkálukú fi ohùn kan ránṣẹ́, ohùn tó jẹ́ pé bó bá dákẹ́, á dùn wọ́n. Aránṣọ kan fi ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ránṣẹ́. Awakọ̀ kan fi ti ẹ́ńjìnnì tó ti wà láti ogún ọdún ránṣẹ́. Ó ní wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun lóṣù tó ń bọ̀. Ẹnì kan fi ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́, ẹnì kan fi bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń hanrun, ẹnì kan fi reluwé tó ń gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá, ẹnì kan fi ìró igi tí bàbá rẹ̀ fi ń rìn lórí pákó.

"O ò sọ fún mi pé èèyàn ni wọ́n," Bàbá Dákẹ́ ní.

"Ẹ ò béèrè."

Òótọ́ ni. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló tì síta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tó tún fi rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí wọ́n kan ìlà kejìdínláàádọ́ta, ọmọ kò sọ ẹni tó ni ín. Ó kàn tan án. Súfèé náà jáde, tín-ín-rín, láàárín ìró aṣọ tí wọ́n ń gbọ̀n. Bàbá Dákẹ́ di etí tábìlì mú. Ó gbọ́ ọ dé ibì kan, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ó ṣìnà níbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ yẹn náà ló ti máa ń ṣìnà! Gbogbo ọdún tí mo fi ń sọ fún un!"

"Mo mọ̀," ọmọ ní, ó ń nu ojú. "Ṣé kí n tún un tàn?"

"Tún un tàn." Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ó mí kanlẹ̀. "Ó tó. Àwọn yòókù ń dúró."

Ìgbà tí wọ́n mọ gbogbo àwọn tó fi ohùn ránṣẹ́ tán ni iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ sì bẹ àwọn tó ń retí orin náà pé kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Bàbá kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Ó ń tò wọ́n bí ẹni tó ń fún àlejò níjòókòó: awakọ̀ lọ sápá òsì, kó jìnnà díẹ̀, ẹ̀rín ọmọ bọ́ síwájú, ẹni tó ń hanrun, kó dúró dìgbà tí reluwé bá kọjá. Ṣùgbọ́n ó dé orí àwọn ìlà mọ́kànlá kan tí kò sí ẹni tó ni wọ́n. Dùùrù orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n, wọ́n kàn ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ta ló fi wọ́n ránṣẹ́?"

"Èmi ni. Mo fi dí àlàfo ni."

"Àlàfo wo? Àwọn yòókù lálejò, ìwọ lonílé. Onílé kì í bá àlejò du àga. Kí lò ń bẹ̀rù?"

Ọmọ na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè. "Àtàǹpàkò," ó ní. "Tí nǹkan kan ò bá di èèyàn mú láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, wọ́n á ti fi àtàǹpàkò tì mí lọ sókè lórí fóònù wọn, wọ́n á ti wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì."

Bàbá Dákẹ́ ronú sí i. Lásìkò tirẹ̀, ẹni tó bá tan rédíò ti jókòó nìyẹn. Kò mọ irú ẹ̀rù yẹn, kò sì fẹ́ fi ẹnu àgbà tẹ̀ ẹ́ rì. "Jẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn tì ọ́ lọ," ó ní níkẹyìn. "Èmi náà tì ọ́ lọ, mo sì padà."

Ọmọ yọ mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá náà. Méjì tó kù, ó ní òun kò ní yọ wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ lu òun pa. Bàbá ní méjèèjì kò wúlò. Wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù, ọmọ ló sì borí.

Orin náà jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Àwọn tó gbọ́ ọ kò pọ̀ tó àwọn tó gbọ́ ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù. Ẹnì kan kọ ọ́ pé orí ń fọ́ òun. Ṣùgbọ́n àwọn tó dúró gbọ́ ọ dópin, wọ́n tún padà wá. Aránṣọ yẹn kọ̀wé pé òun gbọ́ ẹ̀rọ òun ní ìṣẹ́jú kejì, òun sì fi han gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ rí béèrè pé ta ló ń súfèé, nítorí òun ti gbọ́ orin náà nígbà mọ́kànlá, ibẹ̀ lòun sì máa ń dúró dè. Bàbá Dákẹ́ fi awò ojú rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún fẹ́ dá ẹni tó ní orí ń fọ́ òun lóhùn.

"Bàbá mi, ẹ má dá a lóhùn o," ọmọ kìlọ̀.

"Mo kàn fẹ́ sọ fún un pé kó jókòó síbì kan ni."

"Ẹ fi í sílẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Wọ́n ṣe ilé ọmọ tán, ọmọ padà sílé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kó àwọn sípíkà náà lọ, bàbá kò sì ti yàrá mọ́. Láràárọ̀, lẹ́yìn tíì, ó ń lọ jókòó níbẹ̀, ó ń gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń gbìyànjú láti mọ iye àwọn tó lè bá pàdé kó tó dópin. Kò tíì kọjá ọgọ́ta rí. Lọ́jọ́ kan, ó gbé fóònù pe ọmọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

"Reluwé yẹn," ó ní, kò tilẹ̀ kí i, "ó ti sún mọ́ aránṣọ jù. Ó yẹ ká sún un sẹ́yìn díẹ̀."

"Bàbá mi, orin ti jáde láti oṣù tó kọjá!"

"Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ fún ẹ ni. Èyí tó ń bọ̀, jẹ́ kí n tètè bá wọn pàdé."